Mọ́nítọ̀ Kejì Lórí Tábìlì Ọ̀gá Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ní ọjọ́ iwájú. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tó ń bi léèrè, ẹ̀yìn ni gbogbo ọjọ́ iwájú tèmi wà báyìí. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ṣàgámù, lé ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì ti padà sí Ìkẹ́nnẹ́, mo ń jókòó síwájú ilé, mo ń ka Bíbélì, mo ń bá adìẹ aládùúgbò jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá ní kí n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wo iṣẹ́ ọwọ́ lókèèrè tí kò mọ̀ bóyá kóun sún mọ́ ọn. Ẹ fara balẹ̀ o. Mo máa ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ọkọ mi lè jẹ́rìí sí i.

Bísí ni orúkọ mi. Tíṣà ni bàbá mi fẹ́ kí n dà, èsì ìdánwò mi sì ní òun ò gbà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múyìwá, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ táípù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ ò gùn: ìyá mi san án, mo kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ó parí. Ohun tí mo rántí ni pé Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Èékánná ẹ gùn. Lọ gé e, kóo máa bọ̀." Ìdánwò tèmi nìyẹn. Mo gé e, mo padà wá, wọ́n sì gbà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́.

Rẹ́mọ pọ́nńbélé ni Ọ̀gá ń sọ. "Èyí" ò sí lẹ́nu wọn, "yèí" ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa nílé-ìwé ni màá fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí, kí ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó má baà tún pè mí pé kí n wá túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lórí fóònù lónìí, ẹ gbọ́ bí a ṣe kọ́ tiwa. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti pẹtiróòlù díẹ̀ nínú agolo ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Mò ń fọ àwọn lẹ́tà irin inú ẹ̀rọ táípù. Inú "o" àti "e" ni ìdọ̀tí tàdáwà máa ń dì sí, tí yóò sì mú kí wọ́n jọ ojú ẹni tó ń sùn. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá á tẹ ìlà kan, wọ́n á gbé bébà náà síbi tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n á ní, "'E' yìí ò tíì jí." Màá tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í na ọmọ iṣẹ́, wọn kì í bú wa. Tí o bá ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n kàn máa dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn sì ń dun ni ju pàṣán lọ.

Òfin kan ju gbogbo òfin lọ ní ṣọ́ọ̀bù náà: ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kan lórí tábìlì kan, nọ́ọ̀tì rẹ̀ nínú àwo tirẹ̀. Tí o bá sì fẹ́ dán nǹkan tuntun wò, kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tí kò kàn án kúrò lára ẹ̀rọ, kí o lè mọ ẹni tó jẹ̀bi bí nǹkan bá bàjẹ́. "Tí èèyàn méjì bá wà nínú yàrá tí ẹran ti sọnù," Ọ̀gá máa ń wí, "ta lo máa mú?" Mo fi àgídí tú ẹ̀rọ méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí mo fẹ́ fi hàn pé ọwọ́ mi yá. Ọ̀gá wọlé, wọ́n fi aṣọ bo méjèèjì, wọ́n ní, "Máa lọ sílé, Bísí. Ọ̀la la tún máa ṣiṣẹ́." Mo sunkún dé ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Màmá, ìyàwó Ọ̀gá. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń pè wọ́n ní Màmá. Wọ́n ní èjí kan tó fẹ̀ dáadáa, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀rín, ẹ óò rí èjí yẹn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, wọ́n ní, "Jẹun. Ẹni tí kò bá wúlò, wọn kì í bo iṣẹ́ rẹ̀ láṣọ dè é, wọ́n máa ń lé e ni." Mo jẹun, mo nu ojú, mo sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn bí ẹni fẹ́ràn ìyá tó bí i.

Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, Ọ̀gá náà ló ń tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹ̀rú. Ọ̀gá kì í wo kíbọ́ọ̀dù rárá. Wọ́n á máa wo ìta, wọ́n á máa kí àwọn tó ń kọjá lọ wọ ọkọ̀ Ṣàgámù, ọwọ́ wọn á sì máa tẹ orin ìsìnkú lọ láìṣìṣe. Màmá máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Bàbá Túndé, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín tẹ tèmi o. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e fẹ́nì kankan. Kẹ́ ẹ sì lo fọ́tò tí mo ti ń rẹ́rìn-ín."

"Ta ní ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú?"

"Èmi tí mo ni òkú."

Ọ̀gá á ní, "Èmi ni màá kọ́kọ́ lọ, wàá wá ẹlòmíràn tó máa tẹ tìẹ." Ṣùgbọ́n tí Màmá bá dúró tí wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, tí wọ́n ń retí ìdáhùn gidi, Ọ̀gá á sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Mo ti gbọ́. Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́." Ojú mi ló ṣe, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Mo gba fíríìdọ̀m nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, mi ò lọ. Mo dúró ti Ọ̀gá, nítorí àsìkò yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní tẹlifíṣọ̀n tó kàwé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn oníbàárà ò mú ẹ̀rọ táípù wá mọ́, yẹ̀yẹ́ parí. A jọ kọ́ ọ ni, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, a ń ṣe àṣìṣe kan náà, a sì ń rẹ́rìn-ín ara wa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá. Lẹ́yìn àpótí wọn, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà. Iná Amẹ́ríkà kò lágbára tó tiwa, ẹ̀rọ tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹ gbọ́dọ̀ ti bọ́tìnnì yẹn sápá kejì kẹ́ ẹ tó fi iná wa sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jó. Ọ̀gá fi òfin kan kún òfin wọn: kọ́kọ́ wo pupa. Wọ́n ń wí i, àwa náà ń wí i, ó di orin.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé kan láti Ìpẹ̀rú gbé ẹ̀rọ tuntun ilé-ìwé rẹ̀ wá pé ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá Múyìwá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo rí i pé wọ́n wò ó, wọ́n sì ki wáyà bọ iná. Ó dún gbàmù. Èéfín dúdú jáde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ di òkúta síbi tí wọ́n wà. Bọ́tìnnì pupa náà wà ní apá Amẹ́ríkà síbẹ̀.

"Mo wò ó," Ọ̀gá ní. "Bísí, mo wo ibẹ̀."

"Ẹ wò ó, sà."

Ọ̀gá ilé-ìwé náà jẹ́ ọmọlúàbí. Ó ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn. A rí ohun tó jó níbẹ̀ pààrọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju ẹ̀rọ lọ. Màmá pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rín ò sí lójú wọn. Wọ́n ní ó ti tó ọdún kan tí ojú Ọ̀gá ti ń lọ. Àwọn ni wọ́n ń yan bàtà kó lè bára mu, àwọn ni wọ́n ń ka ìwé tó bá dé, Ọ̀gá sì ti ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. A mú Ọ̀gá lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́, ká máa tọ́jú èyí tó kù. Èyí tó kù ò pọ̀. Tí nǹkan bá tóbi, tó sì sún mọ́ wọn dáadáa, wọ́n á rí i. Ojú èèyàn ńkọ́? Wọ́n ní bí ẹni ń wo nǹkan láti inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó ni.

Ẹni tí a rò pé ó máa ṣe ojú fún Ọ̀gá ló wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Mi ò ní fa ìyẹn gùn, ó ṣì ń dùn mí. Màmá lọ ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún tó parí àwọn ọdún 1990 yẹn. Ọ̀gá ló tọ́jú wọn títí dé òpin, wọ́n ń fi ọwọ́ wá ife omi, wọ́n ń fi ọwọ́ nu iwájú orí Màmá. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Ọ̀gá sọ ohun kan fún mi tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní, "Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi tutù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bísí, mi ò rí ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú ìyàwó mi kẹ́yìn."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n tan kọ̀ǹpútà, àwọn fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú Màmá.

Túndé, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ti sọ pé òun mọ atẹ̀wé kan níbẹ̀ tó máa ṣe é ní àwọ̀ mèremère. Ọ̀gá ní rárá, àwọn ti ṣèlérí. Ọwọ́ wọn kò tíì gbàgbé kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà kì í ṣe ìṣòro. Bí wọ́n ṣe máa to ojú ìwé ni ìṣòro. Tí mo bá fi gbogbo ojú ìwé hàn lórí mọ́nítọ̀, àwọn lẹ́tà á di èèrà, Ọ̀gá ò ní rí ọ̀kan. Tí mo bá sọ lẹ́tà di ńlá, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló máa kún mọ́nítọ̀, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà lórí ìwé mọ́. Wọ́n tẹ ẹsẹ orin kejì sínú àyè tí a fi sílẹ̀ fún fọ́tò. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n kó ọwọ́ wọn méjèèjì sórí itan, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀. Mo lè bá wọn tẹ̀ ẹ́ kí n sì yára ṣe é tán. Mi ò dábàá rẹ̀. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣèlérí ló ń rù ú.

Àsìkò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé wá kí Ọ̀gá kú àṣẹ̀yìndè. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ ní Ìlíṣàn, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa. Mo tẹ̀lé e dé ìta, mo ṣàlàyé ohun tó ń dà wá láàmú. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Sísítà Bísí, tí ẹ bá ní mọ́nítọ̀ méjì ńkọ́? Kí ọ̀kan gbé gbogbo ojú ìwé, kí èkejì gbé lẹ́tà ńláńlá."

Mo ní, "Lára ẹ̀rọ kan náà? Ìyẹn ò ṣeé ṣe."

Ó ní tẹ́lẹ̀ ni kò ṣeé ṣe. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Nínú kọ̀ǹpútà, káàdì kan wà tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀. Windows tí à ń lò nígbà yẹn, káàdì kan ló mọ̀. Tí o bá ki èkejì bọ̀ ọ́, yóò kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ẹnì kankan ò kí. Ṣùgbọ́n Windows tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti mọ bí a ṣe ń lo káàdì méjì pọ̀. Yóò so mọ́nítọ̀ méjèèjì pọ̀ bí ìgbà tí a so tábìlì méjì mọ́ra wọn, o sì lè wọ́ nǹkan láti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn. Kì í sì í ṣe gbogbo káàdì ló ń gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní ọ̀kan tó ń gbà. Ó ní òun máa mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì náà, ó pẹ́ kó tó rí ọkọ̀, ọ̀sán ti ń lọ kó tó dé. Ọjọ́ Sátidé ni ìjọ wọn ń sinmi, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni ìsinmi náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó fi Windows tuntun sí ẹ̀rọ náà, ìyẹn gba àkókò, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ń wo ojú ọ̀run. Bó ṣe fi káàdì sí ihò rẹ̀ tán ni oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá. "Ẹ má bínú, sà. Oòrùn ń wọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni màá tún yà."

Ọ̀gá ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Ọlọ́run ju kọ̀ǹpútà lọ."

Èmi ni mo dé àpótí ẹ̀rọ náà padà. Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é: ohun tuntun la fẹ́ dán wò, mo tú gbogbo ohun tí kò kàn án kúrò, mo gbé mọ́nítọ̀ kejì tí a ní ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo fi ti àtijọ́ nìkan sílẹ̀ lára káàdì àtijọ́. Mo tan án. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Mo pa á, mo yọ káàdì tuntun, mo tún un tàn, mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀. Mo dá káàdì padà, ó tún dúdú. Káàdì tuntun wọlé, mọ́nítọ̀ kú. Káàdì tuntun jáde, mọ́nítọ̀ jí. Mo ní ọwọ́ ti ba olè. Mo sọ fún Ọ̀gá pé káàdì náà ti jó, tàbí kó jẹ́ pé òun àti ẹ̀rọ wa ò gbọ́ra wọn yé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlíṣàn. Mo bá Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé àti ìdílé rẹ̀ lábẹ́ igi níwájú ilé wọn, wọ́n ti dé láti ìsìn, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ tí wọ́n ti sè lánàá fún mi. Ó rí ojú mi, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo bá wá. Mo rí tirẹ̀ náà, mo mọ̀ pé tí mo bá béèrè, kò ní rọrùn fún un láti dá mi lóhùn, kò sì ní rọrùn fún un láti dákẹ́. Mo jẹun, mo dúpẹ́, mi ò béèrè. Bó ṣe sìn mí dójú ọ̀nà, ó kàn ní, "Ọ̀la, tí Ọlọ́run bá fẹ́." Mo padà sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Túndé ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ n gbé fọ́tò Màmá lọ s'Ékòó lónìí. Ìsìnkú ti súnmọ́lé. Ẹ ti gbìyànjú. Màmá ò ní bínú sí yín."

Ọ̀gá dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ara wọn ni wọ́n ń dákẹ́ sí. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n máa sọ pé kó máa gbé e lọ, àti pé tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò tún ní jókòó sídìí tábìlì yẹn mọ́ láyé.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bísí. Mọ́nítọ̀ kejì ńkọ́?"

"Ó wà nílẹ̀, sà. Mi ò so ó. Ẹ ní ohun kan lẹ́ẹ̀kan."

"Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ tiẹ̀ lé mi lọ sílé nítorí ẹ̀."

Ẹnu wọn yà díẹ̀, ó fẹ́ jọ ẹ̀rín. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ni mo ṣe òfin yẹn fún. Ohun tí ọmọ yẹn gbé wá bá wa, méjì ló ní kó jọ ṣiṣẹ́. O mú ọ̀kan, o fi ìkejì sílẹ̀, o wá ní kò ṣiṣẹ́. Ṣé ọwọ́ kan máa ń fọ ara ẹ̀ ni? So èkejì mọ́ ọn."

Túndé ló gbé mọ́nítọ̀ náà láti ilẹ̀ sórí tábìlì. Mọ́nítọ̀ ìgbà yẹn kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi ti òde òní, ó wúwo bí ọlọ ata. Mo so ó mọ́ káàdì tuntun, mo tan ẹ̀rọ. Ti àtijọ́ ṣì dúdú. Lórí ìkejì, àwọn lẹ́tà funfun yọ. Mo kígbe. Káàdì tuntun náà ò jó rárá! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbé àwòrán gbà láti àná, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ níbi tí a ò gbé nǹkan kan sí. Windows wọlé, ó ní òun rí káàdì mìíràn, ó fi àpótí méjì tí a kọ 1 àti 2 sí hàn mí, ó bi mí bóyá kí òun na tábìlì iṣẹ́ dé orí ìkejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti àtijọ́ náà sì mọ́lẹ̀.

Mo ṣí ìwé ètò náà sójú méjì, gbogbo ojú ìwé lápá òsì, lẹ́tà tó tóbi bí àtàǹpàkò lápá ọ̀tún. Ọ̀gá fa àga wọn súnmọ́ ti ọ̀tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ṣìnà, èmi tàbí Túndé á wo ti òsì, a ó ní, "Ó kù díẹ̀ sísàlẹ̀, sà," wọ́n á sì rí ọ̀nà padà. Orúkọ Màmá, orin, àdúrà, ẹsẹ Bíbélì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀.

Ó wá kan fọ́tò. Méjì ni wọ́n bá mi gbé sórí dísíkì ní ilé ìtẹ̀wé Ṣàgámù, ọ̀kan tí Màmá ti dijú mọ́rí, ọ̀kan tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí n fi ti àkọ́kọ́ sí i, nítorí ìsìnkú ni. Mo fi í sí i. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Àjèjì rèé." Mo yọ ọ́, mo fi èkejì sí i.

Ojú Màmá kún mọ́nítọ̀ ọ̀tún láti etí dé etí. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Wọ́n gbé ìka kan sókè, wọ́n fi kan èjí náà.

"Yèí ni," wọ́n ní. "Bísí, yèí ni. Mo rí i. Túndé, mo rí ìyá ẹ."

Ọ̀gá sunkún, Túndé sunkún, èmi náà ò gbẹ́yìn. Mo na ọwọ́ sí máòsì pé kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú. "Má tíì gbé e kúrò," wọ́n ní. Mo fi í sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé yà lọ́jọ́ Àìkú bó ṣe ṣèlérí. Ó ní ẹ̀rọ mìíràn wà bẹ́ẹ̀, káàdì tó bá wà ní irú ihò tí òun fi ti tuntun sí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dojú kọ, ó ní ìkánjú ò jẹ́ kí òun rántí sọ ọ́ fún wa. Lẹ́yìn náà ló rí fọ́tò náà, kò tún sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣí ìwé ètò náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ó jọ pé Màmá gan-an ló ń kí wọn káàbọ̀.

Ọ̀gá fi mọ́nítọ̀ méjì yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan sí i. Tí mo bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀, fọ́tò Màmá ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sórí ti ọ̀tún, Ọ̀gá á kí wọn, wọ́n á ní, "Ó yá, iṣẹ́." Nígbà tí ojú náà lọ tán pátápátá, wọ́n ṣì ń jókòó síbẹ̀, mo sì ṣì ń gbé fọ́tò náà síbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìbùkún, mo lọ dá tèmi sílẹ̀ ní Sábó, láàárín àwọn olóbì. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Lónìí, káàdì kan ṣoṣo ń gbé mọ́nítọ̀ mẹ́ta, ọmọ kékeré ń ṣe é láìrò ó. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́, mo sì fi òfin Ọ̀gá kọ́ wọn, ohun kan lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo máa ń fi kún un pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá méjì ni ohun náà ń jẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o ní ṣé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ iwájú. Mi ò mọ̀. Wọ́n bi Ọ̀gá náà bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀rọ táípù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin kan tó rò pé òun ò tún ní rí ojú ìyàwó òun mọ́ láyé tún rí i, tèjítèjí, ọwọ́ mi yìí ló sì so wáyà náà. Gé èékánná ẹ, kóo máa bọ̀.